Ẹni Tó Lóṣòó Sẹ́yìn Ìkùn

Dókítà kékeré náà bi mí ní Wẹ́sílì láàárọ̀ yìí:
"Bàbá, láti òdo dé ẹ̀wá, mélòó ni ìrora yín?"
Mo wo ojú rẹ̀. Irùngbọ̀n kò tíì hù dáadáa.
Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí wọ́n gbé mi gba ẹnu ọ̀nà yìí,
tí mo ká bí ìgbín, tí Ìbídùn di bàtà mi mú lọ́wọ́?

Bàbá mi ta aṣọ àwìn dé Ìkálẹ̀, dé Èkìtì.
Òṣómàáló ni. Bí onígbèsè bá ní òun kò sí nílé,
a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà:
"Òṣó ni n ó ló gbowó mi lónìí."
Oòrùn á wọ̀, ìyàwó onígbèsè á sunkún,
kò ní dìde.
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìrora náà ṣe wá bá mi.
Ó gba ẹ̀yìn ìkùn wọlé, ó fẹ̀yìn ti ọ̀pá ẹ̀yìn mi,
ó lóṣòó.

Mo jẹ gbèsè ná. N kò ní purọ́.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ilé ọtí.
Ìgò tó bá sán lẹ́nu, èmi ni mo ń sin ín.

Páńkíríásì lorúkọ ohun tó ń ṣàìsàn níbẹ̀.
N kò mọ̀ pé mo ní in títí ó fi dùn mí.
Wọ́n là á gbọọrọ bí ẹni la ẹja,
wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ jáde, funfun,
bíi ti àwọn tó ń wa góòlù ní Ìtagunmódi
lọ́jọ́ tí ilẹ̀ kò fún wọn ní nǹkan kan.
Wọ́n fa ìfun wá, wọ́n rán an mọ́ ojú ibẹ̀
kí omi rẹ̀ lè rọ́nà gbà.
Wákàtí mẹ́fà. Ilẹ̀ méjì tí mo rà ló bá a lọ.

Mo jí. Ibi tó lóṣòó sí ti ṣófo.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi sùn bí ọmọ ọwọ́.
Ìbídùn a máa jí lóru, a fi ọwọ́ sí ihò imú mi:
ó ti gbàgbé bí ọkọ tó dákẹ́ ṣe ń rí.

Ẹ má tíì pè é ní ìwòsàn.
Lọ́dún kẹrin, àbúrò rẹ̀ dé,
àtọ̀gbẹ. Òun kì í lóṣòó, kì í pariwo,
díẹ̀díẹ̀ ló ń gba tirẹ̀, bí alájọ:
abẹ́rẹ́ kan láàárọ̀, òmíràn lálẹ́.
Bí mo bá jẹ iyán láìlo hóró oògùn mi,
ọ̀rá á léfòó nínú ṣáláńgá, òórùn rẹ̀ á lé mi jáde.
Owó hóró mẹ́wàá tó ra iṣu ọ̀sẹ̀ kan.

Àwa mẹ́ta la jọ wà ní wọ́ọ̀dù lọ́dún náà.
Fátúsìn, tíṣà láti Ìpetu, kò fẹnu kan ọtí rí;
wọn kò mọ ohun tó fa tirẹ̀ títí dòní.
Ìrora rẹ̀ padà lọ́dún kejì. Ó ń gbé e kiri bí báàgì ìwé.
Ògúnlẹ́yẹ padà sídìí ẹmu.
Níbi òkú rẹ̀, mo mu omi tútù, n kò sọ̀rọ̀.
Abẹ kan náà, ọwọ́ kan náà.
Èwo nínú wa ni kí ọmọ yìí kọ pé iṣẹ́ náà yọrí?

Lálẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá gba ọ̀nà ilé ìpọntí wá,
òórùn ọkà tí wọ́n ń sè á wọ yàrá.
Ìbídùn á dìde, á ti fèrèsé.
Kò ní sọ nǹkan kan. Èmi náà kò ní sọ.

"Méjì," ni mo wí.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára.
Kò béèrè méjì kí ni.
Lásìkò òjò, bí mo bá jẹun pẹ́ lóru,
mo máa ń gbọ́ tí ẹnìkan ń tún ẹsẹ̀ tò lẹ́yìn ìkùn mi,
bí ẹni tó ti dìde, tó ti gba ìwọ̀nba tó rí gbà,
ṣùgbọ́n tó ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà,
tó ń ka owó náà.